Ká tó gòkè Ìdànrè: fóònù, fídíò àti ohùn màmá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, bàbá àwọn ọmọ, àwọn ìbejì àti màmá wa fẹ́ lọ Ìdànrè láti Ìbàdàn nígbà hólídè. Nígbà tá a lọ Olúmọ, fóònù ti kún ká tó gòkè, fídíò díẹ̀ tá a rí yà ń gbọ̀n, atẹ́gùn nìkan là ń gbọ́ níbẹ̀. Ṣé ká ra kámẹ́rà ni? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì náwó kankan, fóònù ọwọ́ yín tó o. Ẹ wo settings kámẹ́rà ẹ̀, tó bá wà ní 4K (fídíò tó mọ́ kedere jù, tó sì ń gba àyè jù) ẹ gbé e wá sí 1080p tó kéré sí i, torí lórí iPhone fún àpẹẹrẹ, ìṣẹ́jú kan ní 4K lè jẹ bíi 170MB, 1080p sì lè jẹ bíi 60MB péré. Kẹ́ ẹ sì kó àwọn fídíò WhatsApp àtijọ́ kúrò kílẹ̀ tó mọ́, ẹ chájì páwà báǹkì náà.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ sun Àkúrẹ́ mọ́jú, torí àtẹ̀gùn Ìdànrè ju 600 lọ, òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú ló dáa kí màmá gùn ún. Oògùn wọn, omi, bàtà tí ò yọ̀. Tí orúnkún wọn ò bá gbà á, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n nísàlẹ̀, ẹ má fipá mú wọn nítorí fídíò.

Ẹ má ya fídíò bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ibi ìsinmi wà lójú àtẹ̀gùn yẹn, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ dá fóònù ní ìbú, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ ka ení èjì dé ẹẹ́wàá kẹ́ ẹ tó pa á.

Ọ̀rọ̀ ohùn gan-an ló ká mi lára jù. Àwọn tó ń gbé fídíò ìrìn àjò wá kí n bá wọn gé e, òkúta àti igi ló máa ń kún inú ẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tán, bẹ́ẹ̀ tó bá pẹ́, ohùn ìyá wọn ni wọ́n máa padà wá bi mí pé ṣé ò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yà á látilé, nígbà tẹ́ ẹ bá ń di ẹrù, nígbà tí màmá bá ń gbàdúrà sí mọ́tò. Lókè, ẹ kẹ̀yìn sí atẹ́gùn, ẹ sún mọ́ wọn dáadáa. Ẹ tan recorder fóònù kejì, ẹ fi sápò bùbá wọn, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó máa sọ ìtàn wọn fáwọn ìbejì. Àtẹ́wọ́ yẹn la máa fi so ohùn mọ́ àwòrán tá a bá ń gé e.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ dà á sórí laptop àti flash. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, document ni kẹ́ ẹ fi í ṣe.