Barbados: bíìṣì tí a ń wẹ̀ níbẹ̀, àti èyí tí a kàn ń lọ wò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ẹ ní ẹ̀yin àti bàbá wọn, àwọn ìbejì ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti màmá yín, ń lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Barbados nínú oṣù kẹjọ, pé ẹ ti kó orúkọ bíìṣì mẹ́sàn-án jọ, kí a bá yín yàn níbẹ̀. St. Philip níbẹ̀ ni àwọn àna mi ti wá, a sì máa ń kó ọmọ àti àgbà lọ kí wọn. Tèmi ni pé kí ẹ yọ ju ìdajì lọ kúrò nínú mẹ́sàn-án yẹn.

Ẹ má fi fọ́tò yan bíìṣì, torí kò sí èyí tí kò rẹwà nínú fọ́tò. Ibi tí ó kọjú sí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Erékùṣù náà ò tóbi, nǹkan bíi máìlì 21 ní gígùn, 14 ní ìbú, àmọ́ ojú omi rẹ̀ ò rí bákan náà. Apá ìwọ̀ oòrùn kọjú sí òkun Caribbean, omi ibẹ̀ sì sábà máa ń dákẹ́. Apá ìlà oòrùn kọjú sí Àtìláńtíìkì gbalasa, láti ibẹ̀ lọ dé Áfíríkà. Ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ bọ̀, kì í ṣe eré ló wá ṣe.

Nítorí náà Bathsheba tí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́, tó wà ní ìlà oòrùn, ẹ lọ o, àmọ́ ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àwọn àpáta ńláńlá tí òkun ti jẹ ìdí wọn títí tí orí fi tóbi ju ẹsẹ̀ lọ ni wọ́n ń lọ wò, àti àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì ní Soup Bowl. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, àwọn kòtò omi kéékèèké máa ń kù láàárín òkúta, ibẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ń jókòó sí tí omi ń bá wọn fọ ẹ̀yìn. Màmá yín á fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ sáà mú bàtà tí kì í yọ̀ dání.

Crane àti Bottom Bay, ọ̀dọ̀ àwọn àna mi lọ́hùn-ún nìyẹn, Àtìláńtíìkì náà ni wọ́n kọjú sí. Yanrìn Crane a máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn bá ràn sí i, ó dára púpọ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, mo mọ odò wẹ̀ dáadáa. Mo dúró nínú omi tí kò ju itan mi lọ, mo kẹ̀yìn sí òkun, mò ń bá àbúrò ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lórí yanrìn, ìgbì kan ṣàdédé gbé mi, ó lọ̀ mí mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dìde, awò ojú mi ti lọ, yanrìn kún etí mi, omi tó ń padà sẹ́yìn sì ti ń wọ́ ẹsẹ̀ mi lọ pàdé ìgbì kejì. Ọ̀sà kọ́ nìyẹn. Kí àwọn ìbejì jókòó sórí yanrìn níbẹ̀, kí wọ́n má kọjá ibẹ̀.

Oṣù kẹjọ tí ẹ ń lọ yẹn náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti 2011 ni koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń ya wọ erékùṣù wọ̀nyẹn lọ́pọ̀ yanturu, oṣù kẹjọ ṣì wà lára ìgbà rẹ̀. Bó bá gúnlẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ni. Àtìláńtíìkì ló ti ń bọ̀, nítorí náà ìlà oòrùn àti gúúsù ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ìwọ̀ oòrùn kì í sábà rí i. Ẹ ní kí ilé tí ẹ máa dé sí fi fọ́tò àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, kì í ṣe èyí tí wọ́n yà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ní ìwọ̀ oòrùn, Paynes Bay àti Mullins tó yín. Òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ti fún ibẹ̀ pa, ọ̀nà tóóró láàárín ògiri méjì lẹ máa gbà dé etí omi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín padà, gbogbo ènìyàn ló ni bíìṣì ní Barbados, àga wọn nìkan ni òtẹ́ẹ̀lì ní. Ọ̀gbẹ́ni ẹ̀ṣọ́ kan sọ fún wa rí pé ti àlejò òtẹ́ẹ̀lì àwọn nìkan ni. Ìyá ìyàwó mi tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó jókòó, ó wá bi í pé ọmọ ta ni. Bọ̀dá ò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí ẹ bá rí igi tí wọ́n fi ọ̀dà pupa yí lára létí omi, manchineel ni. Èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré tútù, májèlé ni, ọmọdé ò gbọdọ̀ mú un. Oje rẹ̀ ń bó ara. Bí òjò bá dé, ẹ jẹ́ kó pa yín, ẹ má sá sábẹ́ rẹ̀.

Èyí tí èmi máa fi ṣe ibùjókòó ni Miami Beach, ní Enterprise lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oistins. Apá kan dákẹ́ fún àwọn ọmọ, apá kejì ní ìgbì díẹ̀ fún bàbá wọn, igi tó ní ibòji sì wà fún màmá. Bí ẹ bá rí àsíá pupa, ẹ má wọnú omi. Lálẹ́ Friday, ẹ rìn dé Oistins lọ jẹ ẹja yíyan. Accra Beach náà wà nítòsí (bẹ́ẹ̀ ni, Accra), ọ̀nà onípákó tó wà létí omi ibẹ̀ dára fún ìrìn àárọ̀ màmá.

Ẹ fi òwúrọ̀ kan sílẹ̀ fún Pebbles Beach ní Carlisle Bay, kí ẹ tètè jí. Wọ́n máa ń kó àwọn ẹṣin eré ìje wá wẹ̀ nínú òkun níbẹ̀ nídàájí, àwọn ìbejì ò ní gbàgbé ẹ. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn lọ wo ìjàpá òkun wà níbẹ̀ náà, àmọ́ ẹ bi wọ́n kí ẹ tó wọlé: dọ́là ta ni? Méjì tiwọn ni ọ̀kan ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó gbé wa sọ pé ogójì, a dé èbúté ló wá sọ pé ti Amẹ́ríkà lòun ń sọ.

Ẹ má háyà mọ́tò fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìjọba wà, ZR náà wà, ìyẹn funfun tó ní ìlà lára, dánfó Èkó pátápátá, orin rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ibùdókọ̀ tí wọ́n kọ “To City” sí, Bridgetown ló ń lọ. “Out of City” ń kúrò níbẹ̀.

Bí àwọn ìbejì bá sì ní ṣòkòtò tàbí fìlà aláwọ̀ ṣọ́jà, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Òfin ò gba aráàlú láyè láti wọ̀ ọ́ ní Barbados, ọmọdé náà ò yọ sílẹ̀.