Ẹ má fi Omo fọ èso o

Àǹtí tó ń ta èso gígé ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, tẹ́ ẹ béèrè bóyá kẹ́ ẹ fi Omo fọ kùkúmbà àti ápù kí oògùn kòkòrò lè kúrò lára ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò. Awọ èso ní ihò tíntìntín, ọṣẹ á gba ibẹ̀ wọlé, oníbàárà yín á wá jẹ oògùn, á tún jẹ ọṣẹ mọ́ ọn.

Kùkúmbà lèmi ń gbìn nítòsí Àjàṣẹ́-Ìpo, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣojú mi. Lọ́dún kan kòkòrò bo oko, mo fín oògùn ní Ọjọ́bọ̀, ìgbà tó máa fi di Sátidé àwọn tó ń rà á ti gbé mọ́tò dé láti Ìlọrin, owó wà lọ́wọ́ wọn, gbèsè sì wà lọ́rùn mi, la bá ká a. Àbíkẹ́yìn mi mú ẹyọ kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó jẹ ẹ́. Kílẹ̀ tó ṣú itọ́ ti ń dà lẹ́nu ẹ̀, ó ń bì, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wo ẹyinjú ẹ̀ báyìí, ó ní kí lẹ fín sóko?

Ara ọmọ yá, àlìámúdùlílàhì. Nígbà tí mo délé mo wo èyí tó kù, níbi tí kùkúmbà ti so mọ́ ìtàkùn, nǹkan funfun gbẹ síbẹ̀ bí àtíkè, mo fi èékánná họ ọ́, òórùn oògùn ṣì ń jáde. Àwọn apẹ̀rẹ̀ tó ti lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ yẹn, ọkàn mi ò tíì kúrò lára wọn dòní.

Ohun tí mò ń ṣe nílé nìyí: omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fọwọ́ ra á dáadáa, pàápàá ìdí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní bàkìn sódà (kì í ṣe bàkìn páúdà o), ṣíbí kékeré méjì sínú omi líítà kan, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 12 sí 15, kẹ́ ẹ tún fi omi ṣàn án. Wọ́n dán an wò lórí ápù ní Yunifásítì Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ní 2017, ó ṣí oògùn méjì tí wọ́n fi pa á kúrò lójú awọ, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn, bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ ti wọnú ápù lọ, ìyẹn ò gbọ́ ti omi mọ́. Kẹ́ ẹ tó bẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, torí ọ̀bẹ ló máa gbé ti ara awọ wọnú.

Torí èyí tó ti wọnú yẹn, tẹ́ ẹ bá dé ọjà Mandate, ẹ bi àwọn tó ń tà á pé ọjọ́ wo lẹ fín in? Ara ike oògùn ni wọ́n kọ iye ọjọ́ téèyàn máa dúró kó tó ká a sí, oògùn kan ọjọ́ 3, òmíì 7, òmíì 14. Lóko tèmi báyìí, páálí ni mo so mọ́ igi lórí ebè kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí mo fín in ni mo kọ síbẹ̀. Oníbàárà tó bá dé kó tó pé, n ó fún un lómi mu, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.