Ọkọ̀ Onímú Ṣóńṣó Tó Ní Ìyẹ́ Lẹ́yìn: Irú Ọkọ̀ Wo Ló Wà Nínú Fọ́tò Bàbá Wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Bàbá wa tó ti dolóògbé kàwé ní Amẹ́ríkà, a sì rí fọ́tò dúdú àti funfun kan nínú àpótí wọn, níbi tí wọ́n ti dúró ti ọkọ̀ kan. Imú ọkọ̀ náà gùn, ó ṣe ṣóńṣó, a kò sì rí iná iwájú rẹ̀. Ìyẹ́ kan dúró lórí òpó méjì lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òrùlé dọ́gba, òrùlé náà sì dúdú ju ara ọkọ̀ lọ. Wọ́n tẹ “AUG 72” sí etí fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹnìkan ló kàn so ìyẹ́ náà mọ́ ọn. Irú ọkọ̀ wo ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrántí bàbá. Pẹ̀lú òrùlé dúdú tí ẹ mẹ́nu bà yìí, mo gbà pé Plymouth Superbird ti ọdún 1970 ni, iléeṣẹ́ tó ṣe é ló sì fi ìyẹ́ sí i. Nínú àwọn ọkọ̀ alágbára ayé ìgbà náà tí wọ́n ń pè ní muscle car, méjì péré ló jáde pẹ̀lú irú imú àti ìyẹ́ bẹ́ẹ̀: Superbird yìí àti Dodge Charger Daytona ti ọdún 1969. Chrysler, iléeṣẹ́ tó ni Plymouth àti Dodge, ló ṣe méjèèjì nítorí NASCAR, eré ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Imú ṣóńṣó ń la afẹ́fẹ́, ìyẹ́ sì ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí eré bá le. Inú ọkọ̀ Daytona ni awakọ̀ eré ìje Buddy Baker wà ní pápá eré ìje Talladega ní oṣù kẹta ọdún 1970 nígbà tó sáré kọjá 200 máìlì láàárín wákàtí kan. Òfin eré ìje ní dandan ni kí wọ́n ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú kó tó lè kópa, ìdí nìyẹn tí bàbá yín fi lè bá a pàdé ní ìgboro. Nǹkan bí 500 Daytona ni wọ́n ṣe. Superbird fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000.

Ìyẹ́ ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí, ṣùgbọ́n òrùlé ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò. Kí afẹ́fẹ́ lè ṣàn dáadáa lẹ́yìn Superbird, wọ́n yí gíláàsì ẹ̀yìn padà, wọ́n sì jó irin tuntun mọ́ ọn yíká. Ojú ibi tí wọ́n jó náà kò dán, nítorí náà, dípò kí wọ́n máa fi ọ̀pọ̀ wákàtí yún un, wọ́n fi awọ dúdú oníke bo òrùlé, kódà bí ara ọkọ̀ bá pupa tàbí tó funfun. Daytona kò ní awọ yìí. Lẹ́yìn òrùlé, ẹ wo ilẹ̀kùn: ti Daytona ní kòtò gbọọrọ méjì tí wọ́n tẹ̀ sínú irin rẹ̀, nítorí ara Charger ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ti Superbird tẹ́jú. Òpó ìyẹ́ Superbird fẹ̀, ó sì dẹ̀ sẹ́yìn. Ti Daytona tín-ín-rín, ó sì nàró ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí “AUG 72” dà yín láàmú. Oṣù tí wọ́n fọ fọ́tò ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí etí ìwé nígbà náà, kò sọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ Superbird tilẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, torí pé ìrísí rẹ̀ ṣàjèjì sí àwọn oníbàárà.

Fọ́tò kò lè fi hàn bóyá ojúlówó ni, nítorí àwọn kan ti so imú àti ìyẹ́ mọ́ Road Runner lásán, ìyẹn ọkọ̀ Plymouth tí wọ́n fi ṣe Superbird. Nọ́ńbà ṣáásí ló ń parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ti Superbird bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RM23, ti Daytona pẹ̀lú XX29. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti bàbá fúnra wọn, ẹ tú ìwé inú àpótí náà wò dáadáa, ó lè jẹ́ pé ìwé ìnáwó tàbí ti ìbánigbófò kan ṣì gbé nọ́ńbà yẹn. Ní báyìí ná, ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ara òpó ìyẹ́ náà. Bí ẹ bá rí àwòrán ẹyẹ kan níbẹ̀, Superbird ni.