Oyún tó wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 10: ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni àbí ẹ̀jẹ̀ àìsàn?

Ìbéèrè: Asalaamu alaekun, Àáfà wa. Oyún mi wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n pè é ní ọsibítù. Ìyá ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ kírun títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ọmọ kéú kan ládùúgbò wa ní irọ́ ni, pé oyún tí kò pé 80 ọjọ́ kò tíì di ọmọ, ẹ̀jẹ̀ àìsàn lásán ló ń dà, kí n máa kírun lọ. Àwọn kan tún ń sọ pé àbíkú ni. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa alaekun salaam, ọmọ mi. Kí Ọlọ́hun fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò fún ọ. Mo mọ̀ pé ara ṣì ń ro ọ́, nítorí náà èyí tí o máa ṣe lónìí ni n ó kọ́kọ́ sọ. Fi ìrun sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń wá. Ọjọ́ tó bá dá, wẹ̀, kí o sì kírun. Bó bá dá ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ kẹsàn-án náà ni. Ogójì ọjọ́ kì í ṣe gbèsè tí a gbọ́dọ̀ san pé. O ò ní san ìrun tó kọjá lọ padà.

Mádíhàbù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Ìmáàmù Málíkì ni mo fi ń dáhùn, èyí tí àwọn bàbá wa fi kọ́ wa láti orí wàláà, mi ò sì tijú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ tó bá tẹ̀lé oyún tó wálẹ̀, ì báà jẹ́ bááṣí ẹran tí ojú òun imú kò tíì hàn lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni. 60 ọjọ́ ni òpin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ kéú yẹn ló mú mi gùn báyìí, torí kì í ṣe òun nìkan. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kó fíkíhù, ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, báyìí, wọn ò jókòó ti ẹnikẹ́ni. 80 ọjọ́ tí ó ń pariwo yẹn, ìṣirò ni, Ànábì kò fi ẹnu ara rẹ̀ pè é lófin ẹ̀jẹ̀. Hádíìsì tí Ibn Mas'ud, ọ̀kan nínú sàábé Ànábì, gbà wá ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀: ogójì ọjọ́ fún àtọ̀, ogójì fún ẹ̀jẹ̀ dídì, ogójì fún bááṣí ẹran, kí máláíkà tó fẹ́ ẹ̀mí sí i. Àwọn onímọ̀ Hambali, mádíhàbù mìíràn, ní àwòrán ènìyàn kò lè hàn ṣáájú bááṣí ẹran, ìyẹn lẹ́yìn ogójì méjì àkọ́kọ́; ibẹ̀ ni 80 ti wá. Àwòrán ni wọ́n ń wá, ọjọ́ kọ́! Hádíìsì Hudhayfah ọmọ Asid sì wà nínú ìwé hádíìsì Muslim: bí òru 42 bá ti kọjá, máláíkà á wá ya àwòrán rẹ̀, etí, ojú, awọ, ẹran àti egungun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àwòrán. Ọmọ kéú da méjèèjì pọ̀.

Jẹ́ ká tiẹ̀ bá a ṣírò. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn ni ọsibítù ti ń ka oyún, bẹ́ẹ̀ ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí i kí àtọ̀ tó pàdé ẹyin. Ọ̀sẹ̀ 10 tiwọn jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 56. Kí ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 56? Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹyọ kékeré tí a fi mọ ara, ló bẹ̀rẹ̀. Ó pín sí 2, 2 di 4, gbogbo wọn jọra bí ẹ̀wà inú àpò kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ti tò sí ìpele 3: ọ̀kan di awọ àti ọpọlọ, ọ̀kan di egungun, iṣan àti ọkàn, ọ̀kan di ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró. Ìwé kan náà ni Ọlọ́hun kọ sínú gbogbo wọn, ojú ewé tí oníkálukú ṣí ló yàtọ̀. Ọkàn ti ń lù ní nǹkan bí ọjọ́ 22. Ọwọ́ kọ́kọ́ rí pẹlẹbẹ bí abẹ̀bẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ìka ló ń kú kí ìka tó yà. Lọ́jọ́ 56, ìka ti yà, bẹ́ẹ̀ gbogbo ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3 sẹ̀ntímítà. Igi ẹ̀gẹ́ ló ṣeé gé kúrú, ká rì í mọ́lẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì ara igi tún di gbòǹgbò. Ti ènìyàn kì í sáábà padà; ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti gbà, ibẹ̀ ló ń lọ. Nígbà tí ìka ti yà, àwòrán ti hàn nìyẹn; nítorí náà, lórí òṣùwọ̀n Hambali pàápàá, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni tìrẹ.

Kò sí ìrun òkú fún un, torí kò ké. Kò sí ìsọmọlórúkọ. Bí wọ́n bá gbé e fún yín, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sin ín. Ẹni tó bá ní kí o mú owó fìdáù wá nítorí rẹ̀, àdádáálẹ̀ ló fẹ́ fi jẹun.

Ti àbíkú ńkọ́? Má jẹ́ kí wọ́n so ohunkóhun mọ́ ọ lára. Nínú oyún tó ń wálẹ̀ láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́, bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé inú sẹ́ẹ̀lì yẹn ni kò pé tàbí tó lé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ tó o ṣe, kì í ṣe oúnjẹ tó o jẹ, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ló rán an. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń rùn tàbí tó ń ya, ọsibítù ni kí o padà sí, má wá sọ́dọ̀ mi.

Ìyá ọkọ rẹ, jókòó tì í, ka èyí fún un ní pẹ̀lẹ́. Àgbà ni, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló mú dání.