Ọdún mélòó ló kù kí ọmọ mi di dókítà ẹ̀dọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìlọrin. Ìwádìí àrùn ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló fẹ́ ṣe. Ọdún mélòó ló kù? – Ìyá Dókítà, Ọ̀fà.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ ní sùúrù. Lẹ́yìn ọdún 6 ní yunifásítì, ó kan háọ́sì jọ́ọ̀bù (iṣẹ́ dókítà tuntun lábẹ́ àwọn àgbà ní ilé ìwòsàn) ọdún 1 àti àgùnbánirọ̀ ọdún 1. Ìdánwò àbáwọlé tí wọ́n ń pè ní Primary ló ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ dókítà àgbà ní UITH (ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìlọrin) àti irú rẹ̀. Ìyẹn á tó ọdún 5 tàbí 6: àìsàn àgbàlagbà lóríṣiríṣi títí dé ìdánwò Part I, ẹ̀yìn náà ni ẹ̀dọ̀ àti ìfun, pẹ̀lú ìwé ìwádìí fún Part II, ìdánwò ìkẹyìn.

Ìwé yìí gan-an ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn tó fọwọ́ sí i. Bó bá ń wádìí hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà), kó pín omi ara ẹ̀jẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan sínú ìgò kéékèèké 3, kó tó gbé e sínú fírísà tó tutù dé 80 sísàlẹ̀ òdo. Ìdí ni pé bí omi kan náà bá ń yọ́ tó tún ń dì léraléra (ẹ ṣáà mọ iná wa), èsì á yí. Kí ọmọ yín náà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B: ti òní, ti oṣù kan, ti oṣù mẹ́fà. Ìkẹta ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.