Ṣé pípa ewúrẹ́ ni a fi ń rí ìwo nínú Minecraft?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti pa ewúrẹ́ inú Minecraft, eré orí fóònù àti kọ̀ǹpútà, láìmọye nítorí ìwo wọn, kò sì rí ọ̀kan. Ẹnì kan ní òun yóò ta fáìlì kan fún wa tí yóò jẹ́ kí ìwo máa já bọ́. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má rà á. Àwọn òbí tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí ti pọ̀, inú sì ń bí mi gidigidi sí àwọn tó ń ta ohun tí eré náà ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Láti ìgbà tí ewúrẹ́ ti wọ inú eré náà ní ọdún 2021, kì í fi ẹran, awọ tàbí ìwo sílẹ̀ bí ó bá kú. Nílé wa, àgbò ni a mọ̀ sí ẹran tó ń kàn, nítorí náà àwọn ọmọ a máa rò pé kìkì pípa ni ewúrẹ́ wà fún. Nínú Minecraft, àgùntàn kò ní ìwo rárá, kì í sì í kan ẹnikẹ́ni. Ewúrẹ́ orí òkè ló ń kàn, ìwo rẹ̀ a sì ṣẹ́ nígbà tí ó bá tàsé ẹni tó ń lé, tí ó wá fi orí sọ ìtì igi tàbí òkúta. Yẹ̀pẹ̀ kò lè ṣẹ́ ẹ. Kí ọmọ yín dúró jẹ́ẹ́ níwájú òkúta, kí ó fi àyè bíi búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá (àwọn ègé onígun mẹ́rin tí a fi kọ́ ayé eré náà) sílẹ̀ láàárín òun àti ẹran náà, kí ó sì yẹra kíá bí ewúrẹ́ náà bá ti tẹ orí ba. Ó lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún kí ewúrẹ́ náà tó kàn, nítorí náà kí ọmọ yín ní sùúrù, kí ó má sì dúró sí etí ọ̀gbun. Ìwo méjì péré ni ewúrẹ́ kan ní, kì í sì í hù padà.

Kí ó dẹ́kun pípa àgùntàn nítorí irun pẹ̀lú: sísọ́ọ̀sì ń mú ẹyọ kan sí mẹ́ta wá, irun náà yóò sì tún hù bí ó bá jẹ koríko.

Eré náà bí ó ṣe wà, tí ẹnikẹ́ni kò fi fáìlì kankan yí padà, ni mo ń sọ o. N kò rí fáìlì yẹn, n kò sì lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi í sórí fóònù, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà ọmọ náà padà.