Ṣé ìràwọ̀ lè gbé wa padà sí Kétu ọdún 1886?

Ìbéèrè: Ọ̀gá olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Èmi ni ìdílé wa ní kí n ṣàkójọ ìtàn wa. Nígbà tí Dàhòmì kó Kétu ní ọdún 1886, wọ́n mú ìyá tó bí bàbá àgbà wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkọ, tó sì bí bàbá àgbà, kí wọ́n tó padà wálé lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì. Apá kan nínú ìdílé ní ẹnu ibodè ni wọ́n ti mú un, apá kejì ní inú oko ni. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di ìjà. Nípàdé wa tó kọjá, ọmọ àbúrò mi tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní líísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, dìde, ó ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, pé àwọn onísáyẹ́ǹsì ti rí i pé èèyàn lè gba inú ihò dúdú ojú òfurufú padà sí ìgbà àtijọ́, bó pẹ́ bó yá ẹnìkan á lọ wò ó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ ni, àbí irọ́ funfun báláú?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú làálàá ìdílé. Ọmọ yẹn ò parọ́, ó kàn sáré ju bó ti yẹ lọ ni. Ìṣirò wà lóòótọ́ tó fi hàn pé àkókò lè ká dé ibi tí èèyàn á fi bá ara rẹ̀ ní àná. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Èyí tó sì kàn yín gan-an ni pé, kódà bí gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́ bá bọ́ sí i, ọ̀nà tó dà bíi pé ó ṣe é gbà jù lọ nínú wọn kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé 1886. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ iwájú kúrò lọ́nà. Láti 1905 ni Albert Einstein ti fi hàn pé aago tó ń sáré kì í rìn bákan náà pẹ̀lú aago tó dúró. Lẹ́yìn náà, ó fi kún un pé òòfà tó ń fa nǹkan wá sílẹ̀ náà máa ń dẹ aago lẹ́sẹ̀. Àwọn èèyàn ti fojú rí i. Ní oṣù kẹwàá 1971, Joseph Hafele àti Richard Keating gbé aago átọ́ọ̀mù wọ ọkọ̀ òfurufú èrò, wọ́n fi yí ayé ká. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, àwọn aago tó gba ìhà ìlà oòrùn lọ fi nǹkan bí 59 nínú rẹ̀ rẹ̀yìn sí èyí tó wà nílẹ̀. Àwọn tó gba ìwọ̀ oòrùn fi 273 ṣáájú rẹ̀. Fóònù tí ọmọ àbúrò yín fi ń mọ̀nà gan-an gbára lé e. Aago inú sátẹ́láìtì GPS ń fi máíkírósẹ́kọ́ǹdù 38 (ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) yára ju tiwa lọ lójoojúmọ́, bí wọn ò bá sì tún un ṣe, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo fóònù á ti ṣi ibi tí èèyàn wà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá.

Nítorí náà, ẹni tó bá lọ rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò dúdú, ìyẹn ibi tí òòfà ti lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde níbẹ̀, fún ìgbà díẹ̀, tó wá padà wálé, lè bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti hewú. Kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n iwájú ló lọ, kò padà sẹ́yìn. Ibi tí àwọn fídíò orí fóònù ti ń da àwọn ọmọ rú nìyí: wọ́n á fi ẹ̀rí ti iwájú gbe ọ̀rọ̀ ti ẹ̀yìn lẹ́sẹ̀.

Wíwò tún yàtọ̀ sí lílọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ti ìràwọ̀ Sirius ń lò ju ọdún mẹ́jọ lọ. Ohun tó ti kọjá là ń wò nígbàkígbà tí a bá gbójú sókè lóru. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lórí Kétu ní 1886 náà ṣì wà lójú ọ̀nà lójú òfurufú, kò sì sí ohun tó lè sá a lé bá. Àmọ́ ihò dúdú lágbára láti yí ìmọ́lẹ̀ po kó sì dá a padà síbi tó ti wá. Ní 2002, Daniel Holz àti John Wheeler ṣe ìṣirò bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wa ṣe lè lọ yí ihò dúdú kan ká, kó sì padà dé ọ̀dọ̀ wa. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ìyókù lọ, torí kò rú òfin kankan. Bí ihò dúdú bá wà ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún 70 ọdún kó tó dé, ohun tí yóò fi hàn wá á ti pé 140 ọdún. Ìyẹn ni ìgbà tí ẹ̀ ń wá! Ó dùn létí, ṣùgbọ́n nínú àwọn ihò dúdú tí a mọ̀, èyí tó sún mọ́ wa jù ni Gaia BH1, ó sì wà ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí 1,560 ọdún kó tó dé. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ padà dé lónìí ti kúrò níhìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Kétu dó, ó sì ti fọ́n ká débi pé kò sí awò kankan tó lè yọ ojú èèyàn nínú rẹ̀.

Ó wá ku lílọ fúnra rẹ̀. Kurt Gödel ló kọ́kọ́ gbé e síta gbangba ní 1949: bí gbogbo àgbáyé bá ń yí, ẹni tó bá rìn jìnnà tó yóò bá ara rẹ̀ ní àtẹ̀yìnwá. Kò sí àmì pé tiwa ń yí bẹ́ẹ̀, fífẹ̀ ló ń fẹ̀. Ní 1974, Frank Tipler ní òpó tó wúwo kọjá àlà, tó ń fi eré burúkú yí, lè ṣe iṣẹ́ kan náà, àfi pé òpó inú ìṣirò rẹ̀ kò nípẹ̀kun lókè, kò nípẹ̀kun nísàlẹ̀. Ta ni yóò gbẹ́ ẹ? Ní 1991, Richard Gott lo okùn méjì tí agbára inú wọn pọ̀ gidigidi, tí wọ́n ṣeé ṣe kó ti wà láti ìgbà tí àgbáyé bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi eré tó sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀ kọjá lára wọn. Kò sẹ́ni tó tíì rí ẹyọ kan nínú irú okùn bẹ́ẹ̀.

Ihò dúdú tí ọmọ yín dárúkọ wá láti ọwọ́ Roy Kerr, ará New Zealand, ní 1963. Ihò dúdú tó ń yí ni ìṣirò rẹ̀ dá lé, ó sì fi hàn pé nínú lọ́hùn-ún, àkókò lè ká. Ṣùgbọ́n ihò tí ohunkóhun kò já sínú rẹ̀ ni ìṣirò yẹn ń wò. Bí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bá tẹ̀ lé arìnrìn-àjò wọlé, agbára rẹ̀ á ga sókè débi tí ọ̀nà náà á fi bàjẹ́. Ká tiẹ̀ ní kò bàjẹ́, ẹni tó bá ti kọjá etí ihò dúdú kò tún jáde síta mọ́. Ó lè rí àná, àmọ́ kò ní lè wá ròyìn rẹ̀ nípàdé ìdílé.

Ọ̀nà àbùjá ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí fi gbogbo ara rò. Einstein àti Nathan Rosen ti kọ̀wé lórí ohun tó jọ ọ́ ní 1935: ọ̀nà kúkúrú tó so ibi méjì tó jìnnà síra pọ̀. Ní 1988, Kip Thorne, Michael Morris àti Ulvi Yurtsever ní Amẹ́ríkà fi hàn bí a ṣe lè sọ ọ́ di ọ̀nà àtẹ̀yìnwá. Ká ní ní 2030 ẹnìkan ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní Kétu. Ó fi ẹnu kan rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ó gbé ẹnu kejì lọ sójú òfurufú, ó ń fi eré tó tó ìdá 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀ sá, ó sì gbé e padà wá ní 2040. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá nílé, ṣùgbọ́n aago tó wà lára ẹnu tó rìnrìn-àjò ka nǹkan bí ọdún kan péré. Nínú ọ̀nà náà, aago ẹnu méjèèjì ṣì dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ ẹnu tó ti ìrìnàjò dé ní 2040 á jáde ní ẹnu ti ilé ní 2031. Ó ti padà sẹ́yìn ní ọdún mẹ́sàn-án.

Bàbá, ẹ wo ibi tí ó dúró sí. Ó lè dé 2031. Kò lè dé 2029, torí kò tíì sí ẹnu kankan nílẹ̀ tí yóò gbà jáde. Àkàbà Ìdẹ̀nà, ibodè àtijọ́ yín, ni kí ẹ fi yé wọn: kò sẹ́ni tó lè gba ibodè kan kọjá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Kí a tó lè rí Kétu 1886 lọ́nà yìí, àfi kí ẹnìkan ti ṣe ẹnu ọ̀nà náà sílẹ̀ kí ogun tó dé.

Ṣíṣe é gan-an sì tún le. Ọ̀nà àbùjá fẹ́ máa pa dé ni. Ohun tó lè là á sílẹ̀ ni agbára tó dín sí òfo. Ará Netherlands kan, Hendrik Casimir, ti sọ ní 1948 pé irú agbára bẹ́ẹ̀ lè wà láàárín àwo irin méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, wọ́n sì ti wọn ipa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíńtín ni, kò tó là ohunkóhun fún èèyàn.

Ó ku ìbéèrè kan tí ẹ ò bi mí, tí mo sì mọ̀ pé ẹnìkan á bi yín. Bí ẹnìkan bá débẹ̀ ńkọ́, ṣé kò ní gba ìyá bàbá àgbà yín sílẹ̀? Bó bá gbà á sílẹ̀, ìyá ò ní dé Àgbómẹ̀, wọn ò ní bí bàbá àgbà, ẹ̀yin náà ò sì ní sí láyé láti rán ẹnikẹ́ni lọ. Ta ló wá gbà á sílẹ̀? Igor Novikov, ará Rọ́ṣíà, dáhùn pé ẹni tó bá lọ ti wà nínú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ó lè dúró níbẹ̀, ó lè lọ́wọ́ sí i, àmọ́ bó ti ṣẹlẹ̀ náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Stephen Hawking ò tiẹ̀ gbà dé ibẹ̀. Ní 1992, ó kọ ọ́ pé ó jọ pé òfin ayé fúnra rẹ̀ máa ń ba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ní gẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ là. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2009, ó se àríyá ní Cambridge fún àwọn tó bá ti ọjọ́ iwájú padà wá, ó sì dúró di ìgbà tí àríyá parí kó tó fi ìwé ìpè síta. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ẹ̀fẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀dọ̀ Hawking ni èmi náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì fi ìṣirò fìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Fún ìpàdé yín tó ń bọ̀, ohun tí mo rí ni pé kí ẹ kọ ìtàn méjèèjì sílẹ̀, ti ibodè àti ti oko, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ìyá fúnra rẹ̀. Èyí tí àtagbà rẹ̀ kéré jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹ tún lè wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ilé àkójọ ìwé àtijọ́ orílẹ̀-èdè wà ní Ouando; àwọn ìwé ìjọba Faransé wà níbẹ̀.

Ní ti ọmọ àbúrò yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá fẹ́ kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìṣirò àti físíìsì wà ní Dangbo, kò jìnnà sí wa. Kó kọ́kọ́ yege ìdánwò bàkàlóríà ná. Bó bá wá lo ìsinmi ní Àjàṣẹ́, kó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá, a ó jọ ṣe ti aago tó ń sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Apá yẹn kò ju ìṣirò líísè lọ.